Kékeré ni Ìmàle ti ń Kọ́ Ọmọ Rẹ̀ Lóṣòó

Òwe yìí kò ṣàjèjì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ìpè àdúrà ti ń jí ọ̀pọ̀ agboolé kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí wọ́n bá pa á, ohun tí wọ́n sábà ń fà yọ nínú rẹ̀ ni pé kí á tètè bẹ̀rẹ̀. Òun náà ni òbí ń dì mú tó bá ń gbé ọmọ ọdún méjì lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi tí wọn kò ti gbọdọ̀ sọ Yorùbá. Ó tètè bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òwe náà ń fi hàn wá: bàbá lóṣòó ti bútà omi, ọmọ lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlàyé kò pọ̀ níbẹ̀. Ọmọ náà ti mọ bí a ṣe ń tẹ orúnkún, ó ti mọ omi, ó mọ ẹni tó ń kọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ sí i. Ohun tó ti mọ̀ ni wọ́n fi ń mú un dé ibi ohun tí kò tíì mọ̀. Apá yìí ni a máa ń gbójú fò nínú òwe náà, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni sáíkọ́lọ́jì, ìmọ̀ tó ń wádìí bí ọkàn àti ìwà ẹ̀dá ṣe ń ṣiṣẹ́, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ní 1896 ni wọ́n bí Lev Vygotsky, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì, ní ilẹ̀ ọba Rọ́ṣíà, òun ló sì wá ṣàlàyé lẹ́yìn-ò-rẹyìn pé ibi tí ẹ̀kọ́ ti ń so èso ni ibi tí ọmọ kò lè dá ṣe é, ṣùgbọ́n tó lè ṣe é bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 1896 yẹn kan náà ni ìjọba Èkó dá ilé-ìwé ìjọba sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí, torí ọ̀pọ̀ òbí ti kọ̀ láti fi ọmọ wọn ránṣẹ́ sí ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì. Wọ́n ní ọmọ yóò lọ kàwé, yóò sì fi ẹ̀sìn ilé sílẹ̀. Àwọn kan pe èyí ní àìlajú. Èmi rí i bí òye: àwọn òbí wọ̀nyẹn mọ̀ pé ọmọ tí a bá ní kí ó já gbogbo ohun tó mọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ọkàn méjì ni yóò fi jókòó síbẹ̀.

Ìlú Bràsíl, níbi tí àwọn baba ńlá ọ̀pọ̀ ará Pópó Àgùdà ní Èkó ti padà wálé, fún wa ní ẹ̀rí kan. Ní 1985, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann tẹ àbọ̀ ìwádìí wọn jáde lórí ọmọ márùn-ún tó ń tajà ní ìgboro Recife. Wọ́n lọ bá wọn bí oníbàárà. Ọmọ ọdún 12 kan ń ta àgbọn ní 35 owó ìlú wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mẹ́wàá. Ọmọ náà ti mọ̀ pé mẹ́ta jẹ́ 105; ó fi mẹ́ta mìíràn kún un, ó di 210; ó tún kó mẹ́ta lé e, ó di 315; ó fi ẹyọ kan parí rẹ̀, ó ní 350. Kò mú bírò, kò mú ìwé. Nínú irú ìbéèrè ọjà bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ náà gba nǹkan bí 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n wá gbé irú iye kan náà ka iwájú wọn bí ìṣirò ilé-ìwé lásán, wọ́n gba nǹkan bí 37. Ẹni tó bá ń ra ọjà ní Ìdúmọ̀tà mọ irú ọmọ yìí dáadáa: ó ń bá ìyá rẹ̀ fún ènìyàn ní ṣéńjì láì ṣìṣirò, tíṣà rẹ̀ sì ń pè é ní olódo. Ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra o: èdè Potogí kan náà ni àwọn ọmọ Recife ń sọ lọ́jà àti ní kíláàsì, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ju ti èdè nìkan lọ. Ṣùgbọ́n bí ìyàtọ̀ ọjà àti kíláàsì bá lè da ọmọ rú tó bẹ́ẹ̀ láàárín èdè kan ṣoṣo, kí ni a rò pé yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí èdè náà bá tún yàtọ̀?

Ọmọ bíbí Ìsàlẹ̀ Èkó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Bábátúndé Fáfúnwá, tí wọ́n bí ní 1923, ló gbìyànjú láti fi ìwádìí dáhùn ìbéèrè yìí. Ní 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àdánwò ní ilé-ìwé St. Stephen's “A”, Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, olùkọ́ tó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn tí wọ́n fi wọ́n wé gba ọ̀nà àtijọ́: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù. Àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ló ta yọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Àwọn kan ní olùkọ́ gidi àti ìwé tuntun ló ṣe é, kì í ṣe èdè. Kí á tilẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù tó ń ba òbí ni pé ọdún mẹ́fà nínú Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Àdánwò náà sì fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí á máa fi èdè abínibí kọ́ni, ó ní ibi tí wọ́n ti ń lò ó jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò. Èyí kò tó láti dá ẹjọ́. Ibi tí òṣì bá pọ̀ sí, tí ìwé ṣọ̀wọ́n, tí olùkọ́ kò tó, ibẹ̀ náà ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi, èdè yòówù tí wọn ì báà máa sọ níbẹ̀. Láti mọ èyí tí èdè fà, àfi kí á fi kíláàsì wé kíláàsì bí Fáfúnwá ti ṣe.

Àtakò tó wú mi lórí jù wá láti ilé kéwú. Wọ́n ní ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ń ké Kùránì sórí ní Lárúbáwá tí kò gbọ́, ó sì ń mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tí kò fi lè fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́? Ìkésórí jẹ́ ẹ̀bùn ńlá, agbára rẹ̀ sì wà nínú ohùn àti àtúnkà. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀rọ̀ ìtumọ̀, Yorùbá ni Áfà ń sọ. Kò sí Áfà tó ń fi Lárúbáwá kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní ìdí tí omi fi ń gbẹ lórí aṣọ. Ilé kéwú ya ìkésórí sọ́tọ̀ kúrò lára òye, ó sì fún ìkọ̀ọ̀kan ní èdè tó yẹ ẹ́. Ilé-ìwé wa ló pa méjèèjì pọ̀.

Òótọ́ ni pé kíláàsì ní Erékùṣù Èkó kì í ṣe ti ọmọ Yorùbá nìkan, ọmọ oníṣòwò Ígbò wà níbẹ̀, ọmọ Ẹ̀gùn wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ń gbọ́ Yorùbá ìgboro, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ ọ kò gbọdọ̀ di ẹni ẹ̀yìn. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2018 sọ Yorùbá di dandan bí iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́. Kò sọ pé kí á fi kọ́ ìṣirò. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìjọba Èkó mú ilé-ìwé ìjọba díẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kíláàsì kan ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ èkejì, kí olùkọ́ àti ìwé dọ́gba, kí òbí fúnra rẹ̀ yan èyí tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wà, kí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dọọdún ní èdè tí àwọn òbí yẹn lè kà.