Láti Pahou dé Abomey-Calavi: Ta Ló Ni Àṣẹ Lórí Owó Ìrànwọ́?

Ọwọ́ afúnni ní í lékè, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń wá bí ẹni tó ń gbà náà yóò ṣe ní ẹnu ọ̀rọ̀.

Pahou, lójú títì tó ti Cotonou lọ sí Ouidah, kò jìnnà sí Abomey-Calavi. Ibẹ̀ ni ètò ìlera kan ti bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù àwọn ọdún 1980. Nígbà yẹn, nọ́ọ̀sì lè wà lẹ́nu iṣẹ́ kí pẹpẹ oògùn ṣófo. Bí oògùn ọ̀fẹ́ bá ti òkè òkun dé, kì í pẹ́ tán, àwọn èèyàn á tún jókòó máa retí. Ní Pahou, ìyá tó gbé ọmọ oníbà wá á san iye tí agbára rẹ̀ ká, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, owó náà kò sì ní gba Cotonou lọ. Ibẹ̀ ló ń dúró láti fi ra oògùn mìíràn, lójú àwọn aṣojú ará ìlú. Ẹni tí owó rẹ̀ wà níbẹ̀ lẹ́nu láti béèrè ìdí tí nọ́ọ̀sì kò fi wá.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, nígbà tí àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Bamako, James Grant, ọ̀gá àgbà UNICEF, gbé irú àbá yìí síwájú wọn. Ìrírí Pahou wà lára ohun tí wọ́n gbé e kà. Lóòótọ́, ètò náà ní àbùkù ńlá: aláìní tí kò rí owó san ń padà sílé láìgba oògùn. Kò yẹ ká fi ìyìn bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Àpérò gbogboogbò orílẹ̀-èdè Benin ní oṣù kejì ọdún 1990 ló ṣí ilẹ̀kùn kejì fún ẹni tó ń gbà láti ní ẹnu ọ̀rọ̀. Òfin ọdún 1999 pín àṣẹ kiri, ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ sì wáyé ní oṣù Kejìlá ọdún 2002. Ìjọba ìbílẹ̀ 77 ló jáde, Abomey-Calavi, tó lọ láti Godomey dé Zinvié, wà lára wọn. Èrò ibẹ̀ lé ní 300,000 lọ́dún yẹn. Nígbà tó fi di 2013, ó ti lé ní 650,000. Tẹ́lẹ̀, afúnni lè yan abúlé tó wù ú, kó gbẹ́ kànga, kó ri pátákó orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó máa lọ. Ní 2008, wọ́n dá àpò kan sílẹ̀, FADeC, tí ìjọba àti àwọn afúnni jọ ń dá owó sí nígbà náà, kí ìjọba ìbílẹ̀ lè fi ṣe ohun tó wà nínú ètò tirẹ̀.

Ní 2015, Netherlands dá owó tó ń fún ìjọba Benin dúró nítorí owó iṣẹ́ omi tí wọ́n kó jẹ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ fún omi abúlé, èyí tó gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ tó ti wà lọ́wọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba ní Cotonou ni owó iṣẹ́ omi náà ti sọnù. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ló pàdánù àṣẹ.