Àmì Ìbéèrè Nínú Orúkọ Ọmọ

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ṣòro láti ṣàlàyé fún àgbàlagbà. Ilé ni mò ń kọ́ fún àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ilé fún ilé-ẹ̀kọ́, ilé fún oníṣòwò, ilé fún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ báyìí fún bàbá bàbá mi, wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Ta ló wá ni ilẹ̀ tí o kọ́ ọ sí?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ìbéèrè yẹn máa padà wá bá mi lọ́jọ́ kan.

Ọjọ́ náà, ayẹyẹ ìparí ọdún ẹ̀kọ́ ni. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ti ní kí n ṣe ìkànnì fún wọn, kí n sì to orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ẹ̀bùn sí i. Mo ṣe é, ó sì dára lójú ara mi. Wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri gbọ̀ngàn, wọ́n tan ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán jáde, orúkọ àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin tó gbégbá orókè nínú ìṣirò ń jẹ́ Ẹniọlá. Ohun tó yọ lára aṣọ funfun nìyí: ?ni?lá.

Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò jẹ́ kó tutù. Wọ́n pariwo, "Kíni-kílá! Kíni-kílá!" Ọmọ náà gba ẹ̀bùn rẹ̀ pẹ̀lú orí ní ilẹ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ dìde láti ìjókòó, wọ́n wá bá mi níbi tí mo ti ń tẹ kọ̀ǹpútà gìrìgìrì.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ ọmọ mi lórúkọ yìí?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Kọ̀ǹpútà ló ṣe é."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé kọ̀ǹpútà wá síbi ìsọmọlórúkọ ni?"

Mi ò rí èsì fún wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó ti ẹ̀rọ mi, mo ń wo orúkọ tó fọ́ yẹn. Ohun kan ló yà mí lẹ́nu. Ẹ ti lọ, ọ ti lọ, ṣùgbọ́n á tó wà lópin orúkọ náà dúró digbí pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ lórí. Kí ló dé tí ẹ̀rọ fi gbé ẹ àti ọ mì, tí kò sì fọwọ́ kan á? Ìbéèrè kékeré yìí ló fà mí wọ inú ìtàn.

Àmì tó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Èèyàn ló jókòó ronú sí i. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, tí àwọn akónilẹ́rú kó lọ ní 1821, tí ó sì padà di òmìnira ní Sierra Leone, gbé ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Síbẹ̀, oníkálùkù ń kọ èdè náà bó ṣe wù ú. Ní 1875, wọ́n ṣe àpérò ní Èkó kí àkọtọ́ lè dọ́gba, Crowther sì ni alága. Odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884.

Àwọn èèyàn wọ̀nyí mọ̀ pé fáwẹ̀lì márùn-ún tí òyìnbó ń kọ kò lè tó wa, nítorí pé méje ni tiwa, láìka àwọn aránmúpè. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. Ẹ yọ àmì kúrò lára "owo". Ó lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ ọwọ́, ó lè jẹ́ òwò, ó lè jẹ́ ọ̀wọ̀, ó sì lè jẹ́ ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ̀wé sílé pé "Baba mi, e fi owo ranse", kí ó má bínú bí bàbá bá fi ìgbálẹ̀ ránṣẹ́ sí i.

Nígbà tí táípúráítà dé, èyí tí wọ́n ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì kò ní àmì abẹ́. Àwọn akọ̀wé wa kò jẹ́ kí ìyẹn dí wọn lọ́wọ́. Wọn a tẹ ìwé tán, wọn a mú bírò, wọn a sì máa fi àmì sábẹ́ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbin àgbàdo.

Kọ̀ǹpútà kò gba bírò. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ká sòótọ́, kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà kankan. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Ẹ fi ojú inú wo àdúgbò kan tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ojúlé tirẹ̀. Bí lẹ́tà kan kò bá ní ojúlé, ẹ̀rọ kò lè bẹ̀ ẹ́ wò. Ní 1963, àwọn ará Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ètò kan tí wọ́n ń pè ní ASCII. Ojúlé 128 péré ló wà ní àdúgbò náà. A ńlá ń gbé ojúlé 65, B ń gbé 66. Kọ́mà ríbi gbé, àmì dọ́là ríbi gbé. Lẹ́tà tó ní àmì lórí tàbí lábẹ́ kò ríbi gbé rárá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́ ilé fún.

Àwọn ará Yúróòpù náà kò gbà kí orúkọ tiwọn bà jẹ́. Ní 1987, ètò mìíràn jáde, ISO 8859-1, tó ní ojúlé 256. Faransé, Sípéènì, Potogí, Jámánì àti àwọn aládùúgbò wọn ni wọ́n ṣe é fún. Á kékeré gba ojúlé 225 níbẹ̀, nítorí pé àwọn ará Sípéènì àti Potogí ń lò ó. Èsì ìbéèrè mi nìyí! Nínú orúkọ Ẹniọlá, ayálégbé ni á nínú ilé àwọn ará Sípéènì. Ẹ àti ọ kò ní onílé tó lè gbà wọ́n sílé, àmì ìbéèrè ló wá dúró sípò wọn.

Láàárín ìgbà yìí ni wẹ́ẹ̀bù fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1989, Tim Berners-Lee, tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN lẹ́bàá ìlú Geneva, kọ ìwé àbá sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1991, àwọn ará ìta ti lè wọ ìkànnì àkọ́kọ́ láyé. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà nínú ọ́fíìsì ló ń gbé e ró. Ọkùnrin náà lẹ ìwé mọ́ ọn lára, ó fi yíǹkì pupa kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí rẹ̀. Bó bá jẹ́ àdúgbò tiwa ni, ta ni ì bá lẹ ìwé náà mọ́ NEPA lára?

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1993, CERN kéde pé ẹnikẹ́ni lè lo wẹ́ẹ̀bù lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún kan náà, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Cambridge gbé àwòrán ìkòkò kọfí wọn sórí rẹ̀. Wọ́n ti dojú kámẹ́rà kọ ìkòkò náà tẹ́lẹ̀, kí ẹni tó jókòó síbi tó jìnnà má baà rìn wá, kó sì bá ìkòkò lófìfo. Báyìí ni gbogbo ayé ṣe lè wo kọfí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wa ní Cambridge bó ṣe ń tán lọ. Ẹ̀rọ tó lè fi ìkòkò kọfí han aráyé, kò tíì lè kọ "Ẹ káàárọ̀" dáadáa. Òfin HTML tó jáde ní 1995 ṣì gbára lé ojúlé 256 àwọn ará Yúróòpù yẹn.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń ronú jìnnà. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni Joe Becker ti Xerox, pẹ̀lú Lee Collins àti Mark Davis ti Apple, ti ń gbèrò àdúgbò kan ṣoṣo tó máa gba lẹ́tà gbogbo èdè ayé. Wọ́n pè é ní Unicode. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní 1991. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, Ken Thompson àti Rob Pike ń jẹun alẹ́ ní ilé oúnjẹ kan ní New Jersey. Orí bébà tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ àwo oúnjẹ ni wọ́n ti ya ọ̀nà tí nọ́ńbà ńláńlá wọ̀nyí yóò fi máa rìn láàárín kọ̀ǹpútà láìba àwọn ìwé àtijọ́ jẹ́. Ọ̀nà yẹn ni à ń pè ní UTF-8, òun ló sì gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wẹ́ẹ̀bù òde òní ró.

Ní 1993, ẹ gba ojúlé 7865, ọ gba 7885, ṣ gba 7779. Mo fò sókè nígbà tí mo kà á. Àmọ́ nígbà tí mo wo ẹni tí wọ́n kọ́ ilé ẹ àti ọ fún, mo tún jókòó. Àwọn ará Vietnam ni! Àwọn náà ń fi àmì sábẹ́ fáwẹ̀lì, àfi pé lọ́dọ̀ tiwọn, àmì ohùn ni. Ṣ ní tirẹ̀ wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń fi lẹ́tà òyìnbó kọ Sanskrit àti àwọn èdè Íńdíà mìíràn. Ó dà bíi pé a dé àdúgbò tuntun, a sì tún di ayálégbé. Ẹ́ tó ní àmì lábẹ́ àti lórí kò tilẹ̀ ní ojúlé tirẹ̀. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mú ẹ, kó wá mú àmì ohùn láti ojúlé 769, kó dé e lórí bíi fìlà. Bí ẹni tó ṣe lẹ́tà náà kò bá mọ iṣẹ́, fìlà á ṣí, á lọ gbé orí aládùúgbò.

Bàbá bàbá mi bi mí léèrè ta ló ni ilẹ̀. Èsì náà rèé: ilẹ̀ yìí, ẹni tó bá wá bèèrè ni wọ́n ń fún.

Fóònù náà dá kún un. Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni GSM bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún aráàlú ní Nàìjíríà. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ fi à, è, é, ì, ò àti ù sí i, wọ́n tilẹ̀ fi àwọn lẹ́tà ńlá Gíríìkì bíi Δ àti Ω sí i. Ẹ àti ọ kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹ kan ṣoṣo sínú àtẹ̀jíṣẹ́ yín, ẹ̀rọ á yí ètò padà, 160 á sì di 70. Ẹni tó bá kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì rẹ̀ á san owó méjì níbi tí aládùúgbò rẹ̀ ti san ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ fóònù ìgbà náà kò tilẹ̀ ní bí a ṣe lè tẹ̀ ẹ́. Ìran tèmi kọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé láìfi àmì sí i, ó sì ti mọ́ wa lára.

Ní báyìí, mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Ní ọdún tí mo ṣe ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, Unicode ti dàgbà tó ẹni tó ń gbéyàwó. Ẹ ti ní ojúlé tipẹ́tipẹ́. Èmi ni mo ṣe àdàkọ iṣẹ́ mi àtijọ́ láìwò ó, tí mo fi àká tó ní ojúlé 256 pa orúkọ ọmọ mọ́. Mo purọ́ fún ìyá àgbà. Kọ̀ǹpútà kọ́ ló ṣe é.

Títún àká náà ṣe gba ìlà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó bá ti di àmì ìbéèrè kì í padà mọ́. Mo ní láti tún gbogbo orúkọ tẹ̀. Mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láti wo rẹ́jísítà. Mo ṣí i, kò sí àmì kan lára orúkọ kankan. Àṣé àròbájọ ni mo fi fi àmì sí wọn ní ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní "Ojo". Òjó, orúkọ àmútọ̀runwá, ni òbí rẹ̀ sọ ọ́. Bó ṣe wà nínú rẹ́jísítà, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè kà á sí òjò, ó lè kà á sí ọjọ́, ó sì lè kà á sí ojo tí ń sá lójú ogun. Mo ní láti pe àwọn òbí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n pe orúkọ ọmọ wọn sí mi létí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é.

Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Orúkọ tí a kò kọ pé, ta ni yóò ro? Lónìí, a lè tẹ Yorùbá pẹ̀lú àmì lórí fóònù wa. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ṣe ohun èlò ìtẹ̀wé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ ti ṣe tirẹ̀. Ó ku rẹ́jísítà olùkọ́, ìwé ẹ̀rí ìbí tí òbí ń gbà, àti iwájú ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sí. Bírò ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún pè mí síbi ayẹyẹ náà. Ẹniọlá tún gba ẹ̀bùn ìṣirò. Orúkọ rẹ̀ yọ lára aṣọ funfun, ó pé, àmì rẹ̀ sì wà lábẹ́ àti lórí. Kò sẹ́ni tó pariwo Kíni-kílá. Ìyá àgbà ní kí ọmọ kan kà á sí wọn létí, ọmọ náà kà á. Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Kọ̀ǹpútà ti wá síbi ìsọmọlórúkọ náà báyìí?"

Mo ní, "Ó ti dé, mà. Èmi ni mi ò tètè pè é."