Ọ̀dùnkún Lórí Ilẹ̀ Onílẹ̀: Ìtàn Oko Àjùmọ̀dá àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Ilé-Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ni ní Abuja

Ìfáárà

Nígbà òjò, ẹni tó bá rìn láti Kubwa dé Lugbe yóò rí ebè lórí ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́lé sí, létí odò àti lẹ́bàá títì. Àgbàdo wà níbẹ̀, ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀, ìtàkùn ọ̀dùnkún náà sì ń fà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ro oko wọ̀nyí kì í ṣe onílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́, oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà ni wọ́n. Iṣẹ́ yìí wo ìtàn irú oko bẹ́ẹ̀, pàápàá èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn pawọ́ pọ̀ dá, ó sì fi ọ̀dùnkún ṣe àpẹẹrẹ. Èrò wa ni pé kì í ṣe àìsí irúgbìn tàbí ìwà ọ̀lẹ ló ń pa oko àjùmọ̀dá nínú ìlú. Ẹni tó ni àṣẹ lórí ilẹ̀, àti iye ọdún tí àgbẹ̀ lè fi ọkàn balẹ̀ lórí rẹ̀, ló ń pinnu bí yóò ti rí.

Orúkọ kan, irúgbìn méjì

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya irúgbìn méjì sọ́tọ̀. Èyí tí Yorùbá ń pè ní ọ̀dùnkún, ànàmọ́ tàbí kúkúǹdùkú ni èyí tó dùn lẹ́nu, tó ń fa ìtàkùn. Èkejì ni ọ̀dùnkún Òyìnbó. Hausa náà ṣe irú ìyàtọ̀ yìí: dankali ni àkọ́kọ́, dankalin Turawa ni èkejì. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹbí ata, tòmátì àti ikàn ni ọ̀dùnkún Òyìnbó. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn Òyìnbó tó wá wa kùsà lórí òkè Jos ló gbin ti Òyìnbó síbẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti orúkọ lásán. Òkè Jos ga tó nǹkan bíi mítà 1,200, ó sì tutù. Gíga ìlú Abuja kò tó ìdajì ìyẹn, ooru ibẹ̀ sì pọ̀ jù fún ọ̀dùnkún Òyìnbó. Ọ̀dùnkún tiwa fẹ́ràn ooru. Bí a bá gé ìtàkùn rẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, tí a rì í sórí ebè nígbà òjò, yóò ta láàárín oṣù mẹ́ta sí márùn-ún. Aládùúgbò lè gé ìtàkùn fún aládùúgbò láìgba kọ́bọ̀. Isu kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń pẹ́ nínú ilẹ̀, owó èbù rẹ̀ sì ga. Nítorí náà, irúgbìn ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí wọn yóò ní kó kúrò lórí ilẹ̀ ni ọ̀dùnkún.

Oko àjùmọ̀dá nínú àṣà àti nínú òfin

Àjùmọ̀ṣe kì í ṣe tuntun láàárín Yorùbá. A ní àáró, níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ti ń bá ara wọn roko ní ìtẹ̀léra, a sì ní ọ̀wẹ̀, níbi tí ẹnì kan ti ń bẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wẹ̀. Ohun tó mú kí méjèèjì ṣeé ṣe ni pé ilẹ̀ ẹbí wà. Kò sí ẹni tí yóò wá hú ebè ọmọ onílẹ̀ kí ó tó kórè.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ló ṣe iṣẹ́ yìí. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1908 pa á láṣẹ fún ìjọba ìbílẹ̀ láti pèsè ilẹ̀ oko kéékèèké fún ará ìlú tó bá béèrè. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, tí ìjọba ké pe gbogbo ènìyàn láti gbin oúnjẹ, irú oko bẹ́ẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ, ọ̀dùnkún Òyìnbó sì wà lára ohun tí wọ́n gbìn jù. Ìpè náà so èso nítorí òfin ti wà nílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún.

Ilẹ̀ Ireland fi òdìkejì hàn wá. Ọ̀pọ̀ tálákà ibẹ̀ ń gbé lórí ilẹ̀ kékeré tó jẹ́ ti olówó. Ọ̀dùnkún Òyìnbó nìkan ló lè bọ́ ẹbí lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn sì gbìn. Nígbà tí àrùn kọlù ú ní 1845, ìyàn bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn ló kú kí ó tó rọlẹ̀. Àrùn náà kò tíì tán láyé. Ní 2014, ó ba ọ̀pọ̀ oko jẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Plateau.

Ọdún 1976

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1976, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣí ètò Operation Feed the Nation. Ìjọba ní kí oníkálukú gbin nǹkan, kódà lẹ́yìnkùlé. Wọ́n fi ajílẹ̀ ránṣẹ́ ní ẹ̀dínwó, wọ́n sì gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ síṣẹ́ oko nígbà ìsinmi. Nígbà tí ìjọba yí padà ní 1979, ètò náà rọlẹ̀, Green Revolution ti Ààrẹ Shehu Shagari sì rọ́pò rẹ̀.

Ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1976 yìí kan náà. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akínọlá Àgúdà ti dábàá olú-ìlú tuntun ní ìparí 1975. Ní oṣù Kejì 1976, Òfin Kẹfà ọdún náà dá Agbègbè Olú-Ìlú Àpapọ̀ sílẹ̀, ó sì fi gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ sí ìkáwọ́ Ìjọba Àpapọ̀. Àgbẹ̀ ni àwọn Gbagyi tí wọ́n bá níbẹ̀. Ìjọba fẹ́ kó gbogbo wọn kúrò. Ní 1978, wọ́n ní kí àwọn tó wà lẹ́yìn odi ìlú tuntun dúró. Kubwa wà lára ibi tí wọ́n kó àwọn mìíràn lọ. Bí ìjọba ṣe ń bẹ ará ìlú pé kí wọ́n dá oko, bẹ́ẹ̀ ló ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ti ń dá a láti ìran wọn.

Àwòrán ìlú tí wọ́n parí ní 1979 fi àyè sílẹ̀ fún koríko, igi àti ipa odò. Lórí irú àyè bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oko òní wà. Ìyọ̀ǹda ẹnu ni wọ́n fi ń ro ó, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Bí katakata bá dé, kò sí ẹni tí àgbẹ̀ lè ké pè.

Ohun tó kàn wá

Bí a bá wá ibi tí oko àjùmọ̀dá ti lè fìdí múlẹ̀ ní Abuja, inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ló kù. Ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀, ó ní odi, ó ní ènìyàn. Oko ilé-ìwé ti wà láti ayé amúnisìn, nígbà tí ìlànà ẹ̀kọ́ ọdún 1925 fẹ́ kí ẹ̀kọ́ bá ìgbé ayé ọmọ Áfíríkà mu. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé a sọ ọ́ di ibi ìjìyà. Ọmọ tó pẹ́ dé, oko ni. Ọmọ tó pariwo, oko ni. Ẹni tí a fi ọkọ́ jẹ níyà kò lè fẹ́ràn ọkọ́.

Ọ̀dùnkún yẹ fún àtúnṣe yìí. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ní Umudike ti mú ẹ̀yà UMUSPO 3 jáde, tí inú rẹ̀ pọ́n bí òroǹbó, tó sì ní èròjà fítámì A tí ojú ọmọdé nílò. Ní 2016, àwọn mẹ́rin tó ṣiṣẹ́ lórí fífi èròjà aṣaralóore kún irúgbìn, mẹ́ta nínú wọn lórí irú ọ̀dùnkún yìí, gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé.

Àgbálọgbábọ̀

A dá àbá mẹ́rin. Kí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kọ̀ọ̀kan fi ìwé ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún oko àjùmọ̀dá, fún ọdún márùn-ún ó kéré tán, kí ọ̀gá tuntun má baà fagi lé e. Kí a gbin ju ẹ̀yà ọ̀dùnkún kan lọ, nítorí ìyàn Ireland. Kí a yọ oko kúrò nínú ìjìyà. Kí a sì pe àwọn àgbà Gbagyi láti kọ́ wa bí ilẹ̀ yìí ṣe rí, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ ilẹ̀, koríko àti kòkòrò sílẹ̀ ní Gbagyi, Hausa, Ìgbò àti Yorùbá.

Àgbẹ̀ tí kò mọ̀ bóyá òun ló máa kórè kò ní da ajílẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí olùkọ́ ọ̀la fi ọkàn kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún un ní ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní lé e kúrò lórí rẹ̀.