Adágún Nyos: omi tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, tó pa èèyàn 1,746 lálẹ́ ọjọ́ kan

1. A máa ń sọ pé omi ò lọ́tàá. Òótọ́ ni o. Àmọ́ kí la fẹ́ ṣe tí omi fúnra ẹ̀ bá sọ wá di ọ̀tá? Ìtàn adágún kan nìyí ní Kamẹrúùnù, orílẹ̀-èdè tó bá wa pààlà. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, torí ó kan Nàìjíríà náà.

2. Adágún Nyos lorúkọ ẹ̀. Orí òkè ló wà ní àríwá-ìwọ̀ oòrùn Kamẹrúùnù, nínú kòtò tí òkè ayọnáyèéfín gbẹ́ sílẹ̀ láyé àtijọ́. Omi ẹ̀ dà bí aró, àpáta wà lápá kan, koríko tútù wà lápá kejì. Ó jìn ju mítà 200 lọ: ẹ ri ilé alájà 60 sínú ẹ̀, ẹ ò ní rí òrùlé. Ẹni tó bá débẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe ni kó yọ fóònù.

3. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ, ọdún 1986. Ó ti ń lọ sí bí aago 9. Àwọn kan ti jẹun tán, àwọn kan ti sùn. Àwọn kan gbọ́ ìró tó ń kù rìrì láti ọ̀nà adágún. Kò pẹ́ sígbà yẹn, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú níbi tí wọ́n wà.

4. Ilẹ̀ mọ́, àkùkọ ò kọ. Ilé ò wó. Igi ò jó. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ òkú wà lórí ẹní, ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wà lójú títì. Màlúù kú sí pápá. Àtùpà ti kú, bẹ́ẹ̀ epo ṣì wà nínú ẹ̀. Ẹ tún gbọ́ èyí: kò sí eṣinṣin lára òkú. Eṣinṣin gan-an ti kú.

5. Èèyàn bíi 1,746 ló lọ, àti ẹran ọ̀sìn bíi 3,500. Nyos, Kam, Cha àti Subum ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Ikú náà rìn dé ibi tó tó kìlómítà 25 sí adágún. Àwọn kan wà tí wọ́n dákú fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìgbà tí wọ́n máa fi jí, àwọn nìkan ló ṣẹ́ kù nínú ilé.

6. Àhesọ gbalẹ̀. Wọ́n ní bọ́ǹbù ni wọ́n wá dán wò níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà bá ara wọn jiyàn: àwọn kan ní òkè ayọnáyèéfín ló bú lábẹ́ omi. Àlàyé tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wá fara mọ́ ló kàn yìí.

7. Ẹ mú ìgò mínírà kan. Tí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, ó dákẹ́. Ẹ wá mì í dáadáa, kí ẹ ṣí i. Ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, àbí? Gáàsì tó wà nínú mínírà yẹn, carbon dioxide, náà ló ń ti inú ilẹ̀ gbígbóná wọ ìsàlẹ̀ adágún Nyos. Omi òkè wúwo, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ìdérí. Ọdún ń gorí ọdún, gáàsì ń pọ̀ sí i. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nǹkan kan da ìsàlẹ̀ omi rú. Ó lè jẹ́ ilẹ̀ ló ya wọ inú ẹ̀. Ìdérí bá ṣí.

8. Gáàsì yìí ò ní àwọ̀. Ó sì wúwo tó ìlọ́po kan ààbọ̀ afẹ́fẹ́ tí à ń mí, kò lè fò lọ sókè. Ṣe ló ṣàn wálẹ̀ bí àgbàrá, ó wọ àfonífojì tí àwọn èèyàn kọ́lé sí, ó sì lé afẹ́fẹ́ gidi kúrò níbẹ̀. Omi tó dà bí aró yẹn wá pọ́n kuku, torí irin tó wà nísàlẹ̀ ti ru sókè.

9. Ibi tó dùn mí jù nìyí. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, ọdún 1984, ọdún méjì ṣáájú, adágún Monoun ní Kamẹrúùnù kan náà pa èèyàn 37. Haraldur Sigurdsson, ọmọ Iceland tó mọ̀ nípa òkè ayọnáyèéfín, lọ wò ó ní 1985. Ó rí i pé inú omi ni gáàsì náà ti jáde. Ìwádìí tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọ ò jáde títí di 1987. Nyos ti bú kó tó dìgbà yẹn.

10. Ìkìlọ̀ tó dàgbà ju ìyẹn lọ tún wà. Àwọn Kom, tí ìlú wọn ò jìnnà síbẹ̀, ní ìtàn kan. Fon ni wọ́n ń pe ọba wọn. Ọba Bamessi tan Fon kan jẹ, ó sì fẹ́ gbẹ̀san. Ló bá pokùn so. Omi ara ẹ̀ kán sílẹ̀, ó di adágún, ẹja kún inú ẹ̀. Àwọn ará Bamessi sáré wá pẹja. Adágún yí padà mọ́ wọn, ó sì pa wọ́n.

11. Eugenia Shanklin, ọmọ Amẹ́ríkà tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa àṣà ìbílẹ̀, tó sì ṣiṣẹ́ láàárín àwọn Kom, rí i pé ìtàn adágún tó ń bú, tó ń rìn, tó ń pààyàn, pọ̀ lágbègbè yẹn. Mi ò sọ pé ìròyìn gáàsì ni ìtàn Fon. Àmọ́ tí ìlú tó ju ẹyọ kan lọ bá ń sọ fún ọmọ wọn pé adágún lè dìde pààyàn, ó ṣeé ṣe kí ojú ẹnì kan ti rí nǹkan rí.

12. Ṣé wọ́n ti wá nǹkan ṣe sí i? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2001, àwọn ẹnjiníà Faransé tí Michel Halbwachs ṣáájú wọn ri páìpù tó gùn tó mítà 200 sínú adágún. Ẹ̀rọ kọ́kọ́ fa omi díẹ̀ sókè. Látìgbà yẹn, gáàsì fúnra ẹ̀ ló ń ti omi jáde, ó ń tú sókè tó nǹkan bíi mítà 50. Wọ́n fi páìpù méjì kún un ní 2011. Ewu gáàsì ti dín kù gan-an. Àmọ́ ọdún 15 ti kọjá lórí àwọn òkú kí páìpù àkọ́kọ́ tó débẹ̀.

13. Àwọn tó yè ńkọ́? Ìjọba kó wọn lọ sí ibùdó méje. Àwọn kan ti dá padà fúnra wọn, ọ̀pọ̀ ò tíì padà. Ọmọ ti di bàbá ọmọ ní ibi tí wọ́n pè ní ibùgbé fúngbà díẹ̀.

14. Ibi tó kàn wá rèé: àpáta tó ń dá omi Nyos dúró lápá kan ò le. Tó bá já, ọ̀nà Nàìjíríà ni àgbàrá máa gbà. Ìyẹn wà lára ìdí tí ìjọba wa fi kọ́ ìdídò Kashimbila ní ìpínlẹ̀ Taraba.

15. Adágún kẹta irú èyí tún wà: Kivu, láàárín Rwanda àti Congo. Ó tóbi ju Nyos lọ fíìfíì, nǹkan bíi mílíọ̀nù èèyàn méjì ló sì ń gbé etí ẹ̀. Ó rẹwà púpọ̀. Gáàsì ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni Rwanda ń fi ṣe iná mànàmáná báyìí.

16. Tí màmá àgbà bá sọ fún yín pé wọn kì í kọ́lé sétí odò kan, ẹ má kàn rẹ́rìn-ín kọjá. Ẹ bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ọdún wo ni. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìtàn omi wo ni wọ́n ń sọ nílùú tiyín? Ẹ fi sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á.