Ta Ni Mẹ̀kúnnù?

Tálákà àti mẹ̀kúnnù kì í ṣe ọ̀kan náà. Tálákà, ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ àwọn Haúsá, ni ẹni tí kò ní owó. Mẹ̀kúnnù ni ẹni tí kò ní oyè tàbí agbára nínú ìlú, bí ó tilẹ̀ ń jẹun yó.

Ẹ wo àwọn oníṣòwò Yorùbá ní Cow Lane, Accra. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe tálákà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Wọn kò ní ohùn níbi tí a gbé ṣe òfin náà.

Nítorí náà, kí a má ṣe fi orúkọ mẹ̀kúnnù kẹ́gàn ẹnikẹ́ni nínú ìjọ. Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ni Olúwa wa.