Irọ́ Tó Rin Ìrìn Ọdún 24: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Lẹ́yìn Kámẹ́rà

Ọ̀pọ̀ nínú wa la máa ń jókòó ti àwọn ọmọ wa nídìí tẹlifíṣọ̀n láti wo fíìmù àwọn ẹranko inú igbó. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: kìnnìún ń sápamọ́ sínú koríko, ohùn kan ń ṣàlàyé jẹ́jẹ́. Ẹni tó gbé kámẹ́rà la kì í rí. Lónìí, ẹ jẹ́ ká sọ díẹ̀ nínú ìtàn àwọn tó ń gbé kámẹ́rà yẹn, torí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà, Richard àti Cherry Kearton. Wọ́n fẹ́ ya fọ́tò ẹyẹ láìjẹ́ kí ẹyẹ sá. Ní nǹkan bí ọdún 1900, wọ́n fi awọ màlúù ṣe màlúù kan tí inú rẹ̀ ṣófo. Ayàwòrán á wọ inú rẹ̀ tòun ti kámẹ́rà, á dúró jẹ́ẹ́ bí ọdẹ tó ba síbì kan. Ẹyẹ á rò pé màlúù lásán ni. Ẹ̀tàn ni, àbí? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹyẹ ni wọ́n tàn, wọn ò tan ẹni tó ń wo fọ́tò. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó di ọdún 1958. Iléeṣẹ́ Disney gbé fíìmù kan jáde, White Wilderness. Ẹranko kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ lemming. Ó jọ eku, ìrù rẹ̀ kúrú, ilẹ̀ olótùútù ní àríwá ayé ló ń gbé. Nínú fíìmù yẹn, àwọn lemming ń rọ́ lọ sétí òkè gíga, wọ́n ń já sínú omi tí wọ́n ní òkun ni. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn Oscar. Láti ìgbà náà, àìmọye èèyàn ló gbà pé lemming máa ń pa ara rẹ̀. Wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níléèwé, wọ́n fi ń ṣe àkàwé nínú ọ̀rọ̀ òṣèlú, kódà lórí pẹpẹ.

Ní 1982, tẹlifíṣọ̀n CBC ti Kánádà ṣe ìwádìí, àṣírí bá tú. Ìpínlẹ̀ Alberta ni wọ́n ti ya apá yẹn. Kò sí òkun ní Alberta, lemming yẹn kì í sì gbé ibi tí wọ́n ti yà á. Ọwọ́ àwọn ọmọdé Inuit ní Manitoba ni wọ́n ti rà wọ́n. Wọ́n kó wọn sórí pátákó kan tó ń yí bíríbírí, tí wọ́n fi yìnyín bò, kí díẹ̀ lè dà bí ọ̀pọ̀ yanturu. Nígbà tó yá, wọ́n tì wọ́n láti orí òkè sínú odò. Àwọn ẹranko yẹn ò pa ara wọn o. Èèyàn ló pa wọ́n.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé lemming máa ń pọ̀ sí i gan-an ní ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin síra. Oúnjẹ á wá dín kù, wọ́n á ṣí lọ. Bí wọ́n bá dé ibi omi, wọ́n á lúwẹ̀ẹ́, àwọn kan á sì kú sómi. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí lo ọdún 24. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: bí òtítọ́ tiẹ̀ bá irọ́, àwọn tó ti gba irọ́ gbọ́ ti lọ jìnnà. Títí dòní, àwọn kan ṣì ń sọ ọ́.

A ò ní kẹ́ ẹ má wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ mọ́ o. Iṣẹ́ náà le. Ayàwòrán lè jókòó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó rí ìṣẹ́jú díẹ̀ tó dáa. Ọ̀pọ̀ ìró tí ẹ ń gbọ́, bí ẹsẹ̀ ẹranko lórí koríko, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti ya àwòrán tán ni wọ́n fi sí i, torí kámẹ́rà jìnnà sí ẹranko.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé: ṣé wọ́n sọ fún wa? Ní 2011, BBC fi ọmọ béárì funfun tuntun hàn nínú Frozen Planet. Ọgbà ẹranko kan ní Netherlands ni wọ́n ti yà á, torí ewu wà nínú kí wọ́n lọ yà á nínú ihò béárì gidi. Wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ọ́ nínú fíìmù fúnra rẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn ò dùn, ẹjọ́ wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ wá fi wé ti Dynasties ní 2018. Àwọn ẹyẹ penguin kan há sínú kòtò yìnyín ní Antarctica pẹ̀lú ọmọ wọn. Àṣà iṣẹ́ náà ni pé ayàwòrán kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹranko. Àánú ṣe wọ́n, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà sínú yìnyín káwọn ẹyẹ lè gùn ún jáde. Wọn ò fi pa mọ́, wọ́n fi han gbogbo ayé. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn jiyàn lè bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè pè wọ́n ní òpùrọ́.

Ẹ̀yin ará, gbogbo wa la ní kámẹ́rà lápò báyìí. Gbogbo wa la ń fi fídíò ránṣẹ́ síra wa. Kẹ́ ẹ tó fi èyí tó ń bọ̀ ránṣẹ́, ẹ bi ara yín pé: ta ló yà á? Níbo? Kí ni wọn ò jẹ́ ká rí? Kí Olúwa fún wa ní ojú tó ń ríran àti ẹnu tí kì í purọ́. Àmín. Ẹ bá wa fi tó àwọn ọmọ létí o.