Kòkó Tí Ó Mọ́ Gaara

Nínú ìjíròrò wa ti òní, ìwé kékeré kan ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò. Kì í ṣe ìwé tí gómìnà kọ ránṣẹ́ sí ọba Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwé ìròyìn àwọn míṣọ́nárì. Ìwé ìléwọ́ lásán ni, irú èyí tí àwọn tí ń ta ṣokoléètì àti jẹ́látìnì máa ń fún àwọn obìnrin ilé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 100 ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn. Àwòrán mèremère wà lára èèpo rẹ̀. Inú rẹ̀ kún fún ìlànà bí a ti ń se oúnjẹ dídùn tí àwọn ara ibẹ̀ fi ń kẹ́yìn oúnjẹ: ife ṣúgà mélòó, wàrà mélòó, ìṣẹ́jú mélòó lórí iná. Olóòtú ètò wa bi mí kí á tó jókòó pé kí ni èyí kan ìtàn etí òkun Àgbádárìgì. Mo ní kí ó fún mi láyè díẹ̀, nítorí ó kàn án gidigidi.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti dáyé. Ní ọdún 1897, ní ìlú LeRoy ní ìpínlẹ̀ New York, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pearle Wait po jẹ́látìnì mọ́ ṣúgà àti adùn èso. May, aya rẹ̀, ni ó sọ ọ́ ní Jell-O. Ọjà náà kò tà. Nígbà tí ó di ọdún 1899, Wait ta ọjà náà àti orúkọ rẹ̀ fún Orator Woodward, ará ìlú kan náà, ní 450 dọ́là péré. Woodward mọ ohun tí Wait kò mọ̀. Jẹ́látìnì fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun. Awọ àti egungun ẹran ni wọ́n ń sè títí omi rẹ̀ yóò fi ki. Iṣẹ́ ọjọ́ gbọọrọ ni, nítorí náà ilé olówó tí ó ní ìránṣẹ́ ni wọ́n ti sábà ń jẹ ẹ́. Nígbà tí ó wá di ìyẹ̀fun inú páálí, obìnrin tí kò ní ìránṣẹ́ kò mọ ohun tí òun yóò fi í ṣe. Àfi kí a kọ́ ọ. Láti nǹkan bí ọdún 1904, ilé-iṣẹ́ Woodward bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìlànà, àwọn aṣojú rẹ̀ sì ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin pín in kiri láti ojúlé dé ojúlé. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tó yà sọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù pé kí ó tètè ra ọjà sílẹ̀, nítorí àwọn obìnrin ń bọ̀ wá béèrè rẹ̀. Wọ́n tẹ ìwé náà ní èdè Jámánì àti ti àwọn àlejò mìíràn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilẹ̀ náà. Ẹ rí i pé ọgbọ́n olùkọ́ ni wọ́n fi ń tajà.

Ilé-iṣẹ́ Walter Baker ti pẹ́ jù wọ́n lọ. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣokoléètì ní Dorchester, ní Massachusetts, láti ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àmì rẹ̀ ni ọmọbìnrin ìránṣẹ́ kan tí ó fi àwo gbé ife ṣokoléètì, tí aṣọ funfun tí ó ró mọ́dìí kò ní àbàwọ́n kankan. Láti ara àwòrán tí Jean-Étienne Liotard yà, èyí tí ó wà ní Dresden ní ilẹ̀ Jámánì, ni wọ́n ti mú un. Ní ọdún 1909, ilé-iṣẹ́ yìí tẹ ìwé ìlànà kan jáde. Maria Parloa àti Janet McKenzie Hill ni ó kọ ìlànà inú rẹ̀. Ẹ fi ọdún 1909 yẹn sọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ kan ni ó ń jẹ yọ léraléra nínú ìpolówó àwọn oníṣòwò wọ̀nyí, òun náà ni mímọ́. Ilé-iṣẹ́ Woodward fi í sínú orúkọ ara rẹ̀: Genesee Pure Food Company ni ó ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi ìyẹ̀fun oríṣiríṣi lú kòkó kí ó lè pọ̀. Ní ọdún 1866, ilé-iṣẹ́ Cadbury gbé kòkó kan jáde tí wọ́n ti fún ọ̀rá inú rẹ̀ dà nù, tí kò sì sí àlùmọ́ kankan nínú rẹ̀. Wọ́n wá ń polówó rẹ̀ pé tiwọn mọ́ pátápátá, pé nítorí náà òun ni ó dára jù. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí ó wà nínú agolo náà mọ́.

Ṣùgbọ́n ta ni ó gbin ín? Ìbéèrè yìí ni kò sí nínú ìwé ìléwọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, láti erékùṣù São Tomé àti Príncipe, tí ó wà lábẹ́ àwọn Potogí, ni apá púpọ̀ nínú kòkó tí Cadbury ń rà ti ń wá. Wọ́n ń kó ènìyàn láti Angola wá síbẹ̀, wọ́n ní alágbàṣe tí ó tọwọ́ bọ̀wé ni wọ́n. Ṣùgbọ́n alágbàṣe tí kò padà sílé mọ́, kí ni à ń pè é? Ní ọdún 1901 ni ìròyìn náà kọ́kọ́ ta sí ilé-iṣẹ́ náà létí. Ní ọdún 1905 wọ́n rán Joseph Burtt lọ wádìí rẹ̀. Akọ̀ròyìn kan, Henry Nevinson, ti lọ fojú ara rẹ̀ rí i ṣáájú, ìwé rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1906. Ẹrú ni ó pè wọ́n, kò fi ọ̀rọ̀ bọpo-bọyọ̀. Síbẹ̀, oṣù kẹta ọdún 1909 ni Cadbury àti àwọn ilé-iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jáwọ́ nínú kòkó São Tomé. Ọdún mẹ́jọ gbáko! Mo mọ̀ pé wọ́n ní ìjọba ni àwọn ń bá sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, èmi kò sì sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ìpolówó mímọ́ kò dáwọ́ dúró.

Ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, The Standard, bú wọn fún èyí, Cadbury sì pè é lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Ní ìparí ọdún 1909, ní Birmingham, ẹjọ́ náà dé òpin. Àwọn ìgbìmọ̀ tí ó bá adájọ́ jókòó dá Cadbury láre, owó gbà-má-bínú tí wọ́n sì ní kí a san fún un ni ìdá kan nínú mẹ́rin kọ́bọ̀ kan ṣoṣo. Ọdún yìí kan náà ni ìwé ìlànà Baker tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ìtàn, kí ó tẹ́ ìwé ìlànà náà àti ìdájọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì kan.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí etí òkun tiwa. Nígbà tí òwò ẹrú gbóná, láti Àgbádárìgì ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá àti ọmọ Ògù sọdá sí Brazil. Láti Brazil yìí kan náà ni igi kòkó ti sọdá padà: ó dé Príncipe ní ọdún 1822, ó dé São Tomé lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ti ibẹ̀ dé Fernando Po, tí à ń pè ní Bioko lónìí. Láti Fernando Po ni ó ti wá bá wa. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gbìn ín lẹ́bàá Èkó ni James Pinson Labulo Davies, ọmọ Sàró, oníṣòwò ńlá tí gbèsè ti dá lágara. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ni ó dá oko kòkó sílẹ̀ ní Ìjọ̀n, ní agbègbè Agége. Àwọn àgbẹ̀ Agége bí Jacob Kehinde Coker tẹ̀lé e. Ní ọdún 1907 wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Èmi kò sọ pé ìgbádùn ni iṣẹ́ alágbàṣe nínú oko wọn, ṣùgbọ́n alágbàṣe tiwọn ń padà sílé, ó sì ń mú irúgbìn àti ìmọ̀ lọ sí ìlú rẹ̀. Ọ̀nà yìí wà lára àwọn tí kòkó gbà dé òkè.

Ta ni aya Davies? Sarah Forbes Bonetta ni. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ni a gbà pé ó jẹ́, ìlú tí ó wà lókè Àgbádárìgì, tí kò sì jìnnà sí i. Àwọn ará Dàhòmì kó ìlú náà ní ọdún 1848, wọ́n sì kó ọmọbìnrin yìí lẹ́rú. Ní ọdún 1850 ọba Gezo fi í ta balógun ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́rẹ. Ọbabìnrin Fikitóríà gbà á ṣe ọmọ. Ó fẹ́ Davies ní Brighton ní ọdún 1862, ó sì kú ní erékùṣù Madeira ní ọdún 1880. Nínú oko kòkó Ìjọ̀n yẹn ni ọkọ rẹ̀ gbé òkúta ìrántí kan ró fún un, tí ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ni ìwé ìléwọ́ wà, òkúta yìí ni mo máa yà sí èèpo rẹ̀, kì í ṣe ọmọbìnrin Dresden.

Nígbà tí kòkó wá padà tọ̀ wá wá nínú agolo, kò bá ọ̀nà oúnjẹ àjẹkẹ́yìn wá. Ìdí rẹ̀ kò ju pé ojú ọjọ́ kò gbà á. Ṣokoléètì a máa yọ́ nínú oòrùn etí òkun, jẹ́látìnì kò sì lè dì láìsí omi tútù nini. Ilé mélòó ni ó ní fìríìjì nígbà náà? Ẹlẹ́sìn Ìsìlámù yóò tilẹ̀ béèrè pé egungun ẹran wo ni. Àti pé, ẹ dákun, a ti ní tiwa: ẹ̀kọ tí a pọ́n sínú ewé a máa dì fúnra rẹ̀ bí ó bá ti tutù, kò bẹ yìnyín. Ní ti oúnjẹ dídùn, àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil padà ti kọ́ wa ní fùréjọ̀nù, ẹ̀wà tí a fi wàrà àgbọn sè, tí à ń jẹ ní ọjọ́ Jímọ̀ ṣáájú Àjíǹde. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ ìlànà rẹ̀ fún wọn. Ẹnu ìyá ni ó ti bọ́ sí etí ọmọ.

Nítorí náà, ohun mímu gbígbóná ni àwọn oníkòkó tà fún wa: Ovaltine tí wọ́n ti Switzerland bẹ̀rẹ̀, Bournvita tí ó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1932, àti Milo tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà ní ọdún 1934. Ọ̀rọ̀ mímọ́ kọ́ ni ìpolówó tiwa gbé lárugẹ bí kò ṣe agbára: ọmọ ilé-ìwé tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, eléré ìdárayá tí kò mọ àárẹ̀. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, àwòrán wọ̀nyí rí ilé tuntun. Ní ọdún 1965 Cadbury Nigeria fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó pa mí lẹ́rìn-ín pé títí di òní, ọ̀pọ̀ nínú wa ń pe gbogbo rẹ̀ ní tíì. Ọmọ àgbẹ̀ kòkó ń mu kòkó, ó ní tíì ni òun ń mu.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo Àgbádárìgì, ọ̀nà márosẹ̀ tí ẹ óò gbà kọjá lẹ́bàá Àgbárá, níbi tí Nestlé ní ilé-iṣẹ́ sí. Ẹ mú agolo kan dání nínú ọkọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i lára sókè ketekete. Kí ẹlòmíràn sì máa kọ àwọn ìbéèrè tí agolo náà kò dáhùn sínú ìwé, títí ọkọ̀ yóò fi dé etí omi.